Sólà Wa àti Apá Àbúrò Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Gbogbo ilé ń kí yín. Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi kéde pé etí ife tíì yín ti kán. Ara Màmá le. Orúnkún wọn nìkan ló ń ráhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo so sólà tí ẹ rà fún wa mọ́ wáyà àdúgbò láìsọ fún ilé-iṣẹ́ iná. Àbúrò bàbá wa, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pa iná kí wọ́n lè gun òpó tún wáyà ṣe. Iná sólà tiwa tó ṣì wà nínú wáyà gbé wọn, wọ́n já bọ́, apá wọn kán.

Wọ́n ní, "Iná tí mo fọwọ́ ara mi pa! Ayé le o."

Mo ní, "Ó le, sà."

Mi ò lè jẹun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ bá mi jẹ́wọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín.

Àkíyèsí: Ẹgbẹ́ àdúgbò ti yàn mí, nítorí pé mo kàwé iná ní pólì, láti wá ọ̀daràn tó fi iná sí wáyà náà rí.