Àwòrán Ẹyinjú Mi

Màámi, ẹ kú ilé Ṣàgámù o. Dáadáa ni mo wà ní Kánádà níbí.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan ìyanu! Ẹ̀rọ kan ya àwòrán ẹyinjú mi, ó rí gbágungbàgun bí ọ̀nà Òde Rẹ́mọ. Òun ni wọ́n fi ṣe lẹ́ǹsì tó tó bọ́tìnì, tó bá ojú tèmi nìkan mu. Omi tí dókítà fún mi ni mo ń bù sínú ẹ̀ kí n tó fi sójú. Mo ti ń rí nọ́ńbà ara bọ́ọ̀sì kà báyìí, mi ò ṣì í wọ̀ mọ́.

Dókítà rí àpá àtijọ́ kan nínú àwòrán náà, ó ní kí ló fà á. Mo ní mi ò rántí.

Ẹ bá mi kí Bọ̀wálé àbúrò mi. Mo gbọ́ pé àpólò mú ọmọ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má kán omi ewé sójú tiẹ̀ náà.

Kòfowórọlá yín.