Kọ̀ǹpútà Ò Mọ̀ Mí Mọ́

Màámi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. A ti so kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì wa pọ̀ mọ́ ti àwọn yunifásítì yòókù lórílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n lè jọ máa ṣiṣẹ́ ìwádìí. Iṣẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n gbé fóònù yín lọ́sàn-án láti ọdún méjì.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo kọ́ níṣẹ́ náà gba pásíwọ́ọ̀dù mi, ó ní òun á bá mi ṣọ́ ẹ̀rọ kí n lè sùn díẹ̀. Lánàá tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ìsopọ̀ náà, ọ̀rẹ́ mi yìí ni olórí ẹ̀ka wa pè síwájú pé ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọ̀gá mi, ẹ lọ sinmi."

Mo ti ń sinmi dáadáa. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ lè máa pè mí lọ́sàn-án báyìí, n ó gbé e.