Ẹ̀jẹ̀ Tí A Kò Wọ̀n

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, 2025

Awóyẹmí ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, yàrá iwájú ló háyà nílé mi ní Ìlare. Èmi ò mọ̀wé. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ rọra o." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Fọláyọ̀ ọmọ ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òkè-Ògbó. Wọ́n ní kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, lórí bí abiyamọ kò ṣe ní máa kú sí wọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbẹ̀bí. Kí ló wá ń ṣe fún wọn láti ọjọ́ yìí? Ọ̀rọ̀ náà ń rí mi lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Fọláyọ̀ da sóbò sí ògbólógbòó ìró mi, ó ní ká pè é ní ẹ̀jẹ̀. Sóbò! Ó tún ta sára ẹní. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀. Ife mélòó ni?" Mo ní ife mẹ́ta. Ó pariwo. Mẹ́ta ni lóòótọ́. Ó ní níbi ẹ̀kọ́, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ pé ife kan ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọ aṣọ nílé ìgbẹ̀bí yẹn kan náà. Ẹni tó bá fún aṣọ ẹ̀jẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀kọ́ parí. Ó mú ọ̀rá kan wálé, ó ní àpò nísàlẹ̀, ìlà wà lára ẹ̀. Bí ọmọ bá ti wálẹ̀, wọn á tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá, ẹ̀jẹ̀ á máa sàn sínú àpò. Bó bá ti dé ìlà pupa, kí nọ́ọ̀sì má dúró de ẹnikẹ́ni: kó wọ́ ilé ọmọ látorí ikùn, kó gún un lábẹ́rẹ́, kó fa omi sí i lára. Kó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí ọ̀gá bá tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ? O lè la ẹnu ẹ fún Ilẹ̀-Ń-Dán?"

Ilẹ̀-Ń-Dán ni mo ń pe mátírọ́nù wọn. Kò fẹ́ kí ẹbí rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bó bá ti ń dà — "Ẹ nù ún! Ẹ nù ún!" Aṣọ, garawa, omi iyọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọ ọ́ síwèé: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Gbogbo obìnrin, díẹ̀. Ta ló fẹ́ wọn ohun tí wọ́n ti fọ̀ dànù?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Orúnkún ń ro mí. Tíṣà ń kọrin ìjọ, kò mọ̀ ọ́n kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Hàjàrá, ìyàwó Abdulwaheed tó ń lẹ táyà, bímọ láàárọ̀ yìí. Fọláyọ̀ tẹ́ ọ̀rá ẹ̀. Ilẹ̀-Ń-Dán bú sẹ́rìn-ín: "Sístà Ọlọ́rá, ṣé o fẹ́ dì í tà ni?"

Ẹ̀jẹ̀ kọjá ìlà. Fọláyọ̀ ní ohùn òun ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n òun sọ ọ́: "Mà, ó ti kọjá ìlà. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lásán. Ẹ nù ún!"

Fọláyọ̀ yíjú sí obìnrin tó mú aṣọ ìnulẹ̀ dání, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà." Ó wọ́ ikùn, ó gún abẹ́rẹ́, ó fa omi, ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀. Ife márùn-ún ló wà nínú àpò yẹn. Hàjàrá ń bẹ láàyè. Ó ti ń béèrè ẹ̀kọ.

Mi ò yin Fọláyọ̀. Mo bu ẹran kún ọbẹ̀ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilẹ̀-Ń-Dán ní kí Fọláyọ̀ pa ife márùn-ún rẹ́ nínú ìwé, kó kọ díẹ̀. Ó kọ̀. Obìnrin yẹn ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá wọn: aláfojúdi ni, ó ń dẹ́rù ba aláìsàn. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa jókòó lé e lórí. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mátírọ́nù ní àwọn máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn dà bí ìkòkò tí wọ́n dé. Wọ́n rí mi lára, mo tutọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti bú gbogbo wọn tán. Ó ku èmi. Tíṣà, máa kọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Adéṣọlá, ìyàwó Bámidélé káfíńtà, wá bímọ. Aṣọ méje ni mo fún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ omi, ó ṣì ń pọ́n. Mátírọ́nù bi mí lójú ẹbí: "Ìyá, ṣé ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀?" Mo wo ojú ẹ̀, mo mọ èsì tó fẹ́. Mo ní, "Kò pọ̀." Kó tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin yẹn kú.

Bámidélé ní ìyá òun ni àjẹ́ tó jẹ ẹ́. Títí dòní kì í wọlé ìyá ẹ̀. Mo máa ń pàdé ìyá náà lọ́nà omi. Mo máa ń kí i. Mo máa ń béèrè àlàáfíà!

Tíṣà dá kálàmù dúró. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n kọ orúkọ wọn?" Mo ní kí ló ro pé a ń ṣe látàárọ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, mo tẹ̀ka sí i. Ilẹ̀-Ń-Dán ní arúgbó ti ń ṣarán. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n kó ìwé ọdún yẹn jáde. Fọláyọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán títí oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tá a jáde síta, ó wò mí. "Ìyá àgbà, ẹ mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. Ó gun ọ̀kadà tiẹ̀ lọ. Kò dúró dè mí.

Tíṣà, ní òwúrọ̀ ọ̀la, kó o mú ìwé yìí lọ bá ìyá Bámidélé. Òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ọmọ ẹ̀. Jẹ́ kó jókòó kó o tó kà á. Ka ti Àbámẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, etí ẹ̀ ti di. Lẹ́yìn náà, kà á fún Bámidélé. Bó bá bínú tó ń bọ̀ wá síbí, sọ fún un pé mo wà nílé. Má sọ fún pásítọ̀, àdúrà ni yóò ní ká gbà.

Má bá mi bẹ̀ wọ́n.