Ẹ̀bi Tèmi Ni Mo Dì Lé Ìyá Ṣọlá Lórí

Ọjọ́bọ̀, Ìkàrẹ́.

Ojú ń tì mí. Lọ́sàn-án òní, ní Ọ̀kà, orúkọ baba ọkọ kan bọ́ sí ìdílé ìyàwó nínú ètò kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún ìtàn ìdílé. Ìyá Ṣọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi tẹ orúkọ. Mo bá wọn wí lójú àwọn àgbà tí à ń gba ìtàn lẹ́nu wọn: "Mà, ẹ ti fi ìkánjú ba iṣẹ́ jẹ́."

"Fèrèsé méjì ni mo ṣí lójú kọ̀ǹpútà," wọ́n ní, "ti ọkọ àti ti ìyàwó, kí n lè máa wò wọ́n pọ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, wọ́n ti sọ yín di ọmọ kíláàsì o."

Mo délé, mo yẹ iṣẹ́ mi wò. Ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ni mo fún gbogbo fèrèsé, ìdí nìyẹn tí ohun tí a kọ sí ọ̀kan fi ń bọ́ sí èkejì.

Mo ti tún un ṣe. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ti ní tirẹ̀. Ìyẹn rọrùn.

Mo gbé fóònù láti bẹ̀ wọ́n, mo tún gbé e sílẹ̀. Lórí fóònù, àwọn tó gbọ́ ìbáwí náà kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.