Ẹja Tí A Fọ̀ Kí Ó Tó Dé Ilé Àyẹ̀wò

                                        Òkè-Ọ̀kà,
                                        Ọ̀kà Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Nafisah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n dúró kírun? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí, òjò ṣì ń rọ̀. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sí.

O rántí àwọn ẹja epíyà tó ń kú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rufus, tó ń sin ẹja. Ẹ̀yin lẹ fi àntíbọ́dì yẹ èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò yín ní Ìkàrẹ́ wò. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó dà bí ajá ọdẹ tí a fi òórùn ẹran kan ṣoṣo kọ́: bí fáírọ́ọ̀sì tó ń pa ẹja epíyà bá wà nínú ẹja, yóò so mọ́ ọn, àmì yóò sì hàn. Àmì kankan kò hàn. Inú wa dùn. Bọ̀dá ránṣẹ́ sí Alhaji Jimoh, oníbàárà wọn tó ń sin ẹja ní Epinmi, pé kí wọ́n wá kó ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ẹja lọ́jọ́ Ẹtì yìí.

Ní Sátidé, mo bá Ìyá Jesse, ìyàwó Bọ̀dá, nídìí ẹja ọbẹ̀. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ dànù, wọ́n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ṣe ti Ìkàrẹ́ náà nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ kó ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dànù?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ṣé ẹja tó ní ìfun nínú ni kí n gbé fún àwọn aláṣọ funfun? Kí wọ́n ní ará Ọ̀kà ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Nafisah, ṣé kò sí ẹni tó bèèrè lọ́dọ̀ yín pé ikùn ẹja yìí dà? Níbi gbogbo tí mo ti kà nípa fáírọ́ọ̀sì yìí, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ni wọ́n ní kí a yẹ̀ wò. Ṣé àntíbọ́dì kò rí nǹkan nítorí pé kò sí nǹkan ni, àbí nítorí pé a ti da ohun tí ì bá rí sí ààtàn?

Mo sọ fún Bọ̀dá. Wọ́n ní, "Zipporah, ìwé tí ò ń kà ti pọ̀ jù. Lábù ní kò sí, ìwọ ní ó lè wà. Ta ni dókítà nínú yín?" Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n jàre. Àmọ́ ẹja kankan kò tíì kú lọ́dọ̀ Alhaji ní Epinmi.

Láàárọ̀ yìí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé, mo pe Alhaji pé kí wọ́n fún wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ tún àyẹ̀wò ṣe. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi."

Awakọ̀ tó fún ọ ní lẹ́tà yìí gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání. Ẹja mẹ́ta ló wà nínú omi rẹ̀, láàyè. Ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ wọn ni kí ẹ lò.

Bá mi kí Màmá àti Rídwàn, ọkọ rẹ. Bí àmì bá hàn, má pe Bọ̀dá. Èmi ni kí o pè, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn. Bí kò bá hàn, èmi náà ni kí o pè. Màá lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni tìrẹ, tí fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀,
Zipporah.