Ìka Tó Bá Ríbi Tẹ̀ Kì í Gbọ̀n

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó gbogbo ará Bẹ́yẹrúnkà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Manchester. Ara mi le. Òtútù ibí nìkan ni kì í gbàgbé mi.

Ẹ jẹ́ kí n lọ tààrà. Àga tó yẹ kó lọ síbi ìkómọ Ìdòwú nílé Ìyá Ìbejì ti Bẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ti Ògùnpa ló lọ, ẹni tí kò ní ìnáwó kankan. Orí ìdúró ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn nínú áàpù orí fóònù tí Káyọ̀dé, àbúrò mi, ṣe fún iṣẹ́ àga àti kánópì tí ẹ fi ń yáni. Ìka yín gbọ̀n, ó bọ́ sórí èkejì. Káyọ̀dé mọ̀ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n láti ìgbà tí àìsàn ti ṣe yín. Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n wa, mọ̀. Èmi náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Ní báyìí Bọ̀ọ̀dá ní kí ẹ gbé fóònù fún ìyàwó àwọn, kí ẹ lọ sinmi.

Sinmi bí i ti báwo? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù ní Mápó, tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìwé fún ará ìlú láìwo ọwọ́. Ìró ẹ̀rọ yẹn ló rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ okòwò. N ò lè dúpẹ́ tán, mà. Tí mo bá ń pín iṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí tí mo wà níbí, ohùn yín ni mò ń lò: ẹ ṣe é báyìí, ẹ má fi dọ̀la.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Kì í fọwọ́ kan ojú fóònù rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kékeré, pátákó bọ́tìnnì bí i ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ló so mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà, orúkọ tó kàn lójú fóònù yí àwọ̀. Ó tẹ lẹ́tà kan, ó bá ara rẹ̀ níbi tí àwọn orúkọ tó fi lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ wà. Ó tẹ Ẹ́ńtà, ó ṣí. Mo wò ó títí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra fóònù òun ni.

Ìdí tí mo fi ra irú kíbọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí yín nìyẹn. Káyọ̀dé ní ta ló ń so kíbọ́ọ̀dù mọ́ fóònù láyé yìí, ṣé Mọ́mì fẹ́ padà sí Mápó ni. Ó so ó, ọfà kàn ń yí ojú ìwé lọ sókè sódò, kò mú orúkọ kankan. Ó ní tí iṣẹ́ bá dínkù, òun á tún áàpù náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi lórí fóònù, ẹ ní ìka tó bá ríbi tẹ̀ kì í gbọ̀n.

Káyọ̀dé, mo mọ̀ pé ò ń kà á lẹ́yìn wọn. O ṣeun tí o ṣe áàpù náà. Kò sẹ́lòmíì tó ṣe é fún wọn. Jẹ́ kí ọfà máa lọ láti orúkọ dé orúkọ, kí àdúgbò hàn lára orúkọ, kí Ẹ́ńtà sì tún béèrè kó tó rán àga jáde. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ kó ti parí, torí ọwọ́ Mọ́mì ni àga ìkórè yóò ti jáde.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo agboolé. Ọwọ́ tó tẹ̀wé tọ́ wa kò ní di ọwọ́ ìkáwọ́gbera. Mọ́mì, ẹ má gbé fóònù náà fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọmọ yín tó ń dúpẹ́,
Fọláṣadé