Iyọ̀ Tí Ahọ́n Mi Kò Mọ̀

Ọjọ́bọ̀, Steilshoop

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó wá kọ́ wa nípa omi lóko ápù lónìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní tí òjò bá ti ṣọ̀wọ́n, omi òkun a máa gun odò Elbe wá, iyọ̀ rẹ̀ a sì dé kòtò tí a fi ń bomi rin igi, a sì máa jó etí ewé. Ó fi rọ́bà tó ń kán omi tó-tó-tó sídìí igi hàn wá. Mo ní áà, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mi nìyẹn! Èmi ni mo ń ṣí omi.

Ó bèèrè ẹni tó ń yẹ omi wò. Mo ní èmi ni, mo máa ń tọ́ ọ wò látẹ́lẹwọ́.

Sister Bísí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Mama Tómi, ṣé ọbẹ̀ ni Elbe ni?"

Àbí òun ló lọ sọ fún ọ̀gá pé etí ewé àwọn igi kéékèèké ń gbẹ, tí wọ́n fi pe obìnrin yìí wá?

Obìnrin náà fún mi ní ife omi méjì. Mo ní kò síyọ̀ níbẹ̀. Ó ki ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ bọ̀ wọ́n, ó ní ọ̀kan níyọ̀. Ẹ̀tàn ni, mo sọ ọ́ sínú.

Mo délé, mo fi ìka méjì bu iyọ̀ sí jọ́ọ̀gì omi, mo tọ́ ọ wò. Kò sí nǹkan kan. Mo fún Tómi náà.

"Nur Wasser, Mama." Omi lásán.

Èmi ni mo fún àwọn igi yẹn níyọ̀ mu.

Màá sọ fún ọ̀gá lọ́la. Màá sì ní kí wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀rọ yẹn, kí Sister Bísí tó ní òun mọ̀ ọ́n lò.